Ìdánrawò iná àti eré ìmárale ní ilé ìwé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: báwo ni kí a ṣe é?

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi nítorí pé ó gùn díẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni: kíláàsì mẹ́fà wà nísàlẹ̀, mẹ́rin wà lókè, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo sì ni gbogbo àwọn tó wà lókè ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ gidi, ẹnì kan dáná sun pàǹtí lẹ́yìn ògiri ọgbà wa. Èéfín gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì òkè, ọmọ kan pariwo pé "Iná o!", kí àwa olùkọ́ sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo ọmọ ti rọ́ sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí àwọn tó ṣáájú dé ẹnu géètì, àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti jáde lọ ra oúnjẹ. Kò sí ohun tó jóná nínú ọgbà wa lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Èmi ni mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Títí di òní, bí mo bá rántí bí ó ṣe di aṣọ mi mú nínú ọkọ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ̀ pé iná burú, wọ́n sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò láìṣì í kọ. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ibi tí ẹsẹ̀ wọn yóò gbà.

Olùdarí ti gbà kí n ṣètò ìdánrawò iná, ó sì ní kí n so ó pọ̀ mọ́ eré ìmárale tí a máa ń ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn olùkọ́ náà lè máa bá àwọn ọmọ ṣe é. Mo fẹ́ mọ iye ìgbà tó yẹ kí a máa ṣe é nínú táàmù kan, àti bóyá kí a máa kéde rẹ̀ ṣáájú tàbí kí a kàn lu agogo lójijì. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, lókè, tó ń fi ọ̀pá méjì rìn, n kò sì mọ ọ̀nà tí a ó gbà mú un sọ̀kalẹ̀. Àwọn olùkọ́ wa méjì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n a sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n bá gun òkè dé. Èyí tó le jù ni pé nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, àwọn òbí kan ní ńṣe ni a ń fi ẹnu pe iná wá bá àwọn ọmọ, pé ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. N kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ìfẹ́ ọmọ wọn ló mú wọn sọ ọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Panápaná Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Olùkọ́. Olúwa yóò wo ọwọ́ ọmọ náà sàn pátápátá. Iṣẹ́ panápaná ni mo ṣe títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ ni pé èéfín a máa pa ènìyàn kí ọwọ́ iná tó kàn án.

Kí ẹ tó lu agogo kankan, ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ géètì. Bí àgádágodo bá wà lẹ́nu géètì nígbà tí ọmọ wà nínú ọgbà, kò sí ìdánrawò tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe ìdábùú irin tí àgbàlagbà lè fi ọwọ́ kan ṣí láti inú, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó o, kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì má sì kúrò níbẹ̀ láìfi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀. Bí agbára olùdarí bá gbé e, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe àtẹ̀gùn onírin kejì sí ẹ̀yìn ilé. Ìnáwó ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1958, iná jó ilé ìwé Our Lady of the Angels ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kan ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn náà ló wá di ọ̀nà tí èéfín gbà gòkè, tó sì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà nínú kíláàsì kò fi rí ọ̀nà jáde mọ́. Ọmọ ilé ìwé 92 àti olùkọ́ obìnrin mẹ́ta ló kú. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jọ tiyín: àwọn tó wà lókè gbẹ́kẹ̀ lé àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn náà sì ni iná kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ìdánrawò méjì ni àwọn ọmọ òkè nílò. Èkíní ni ti jíjáde. Èkejì ni ti ọjọ́ tí wọn kò lè jáde: kí olùkọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn, bí ó bá gbóná tàbí tí èéfín bá wà lóde, kí ó má ṣí i, kí wọ́n fi aṣọ tí a rẹ sínú omi dí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n lọ sí ojú fèrèsé, kí wọ́n sì máa ké sí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kí garawa omi kan àti àwọn àkísà máa wà ní kíláàsì òkè kọ̀ọ̀kan nígbà gbogbo. Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú láti máa rákò, nítorí pé òkè ni èéfín ń lọ, ilẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí máa ń kù sí.

Ní ti ìkéde, ẹ má ṣe dẹ́rù ba ọmọ tí ẹ kò tíì kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ mú kíláàsì kọ̀ọ̀kan rìn gba ọ̀nà náà láìlu agogo, kí wọ́n mọ ibi tí wọn yóò tò sí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ sọ fún gbogbo wọn pé agogo yóò dún ní agogo mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn olùkọ́ nìkan ni kí ó mọ̀, nígbà tó bá sì yá, kí àwọn olùkọ́ náà má mọ̀. Kí dídún agogo iná yàtọ̀ pátápátá sí ti ìsinmi, kí ẹnikẹ́ni má sì pariwo "Iná!" nínú ìdánrawò, kí àwọn aládùúgbò má baà rọ́ dé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni èmi yóò dámọ̀ràn, bí wọ́n ti ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé Amẹ́ríkà, kí ti àkọ́kọ́ sì wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí táàmù bá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ tuntun yóò ti dé.

Kí ẹnikẹ́ni má sáré, kí ẹnikẹ́ni má padà lọ mú báàgì. Olùkọ́ ló ń jáde kẹ́yìn, òun ni yóò pa ilẹ̀kùn dé láìtì í pa, òun náà ni yóò mú rẹ́jísítà lọ́wọ́. Bí wọ́n bá dé ibi tí wọn yóò tò sí, kí ó pe orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kí ó má kàn fi ojú wò wọ́n kí ó ní wọ́n pé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ibi tí wọn yóò tò sí wà ní etí títì. Gbogbo wa mọ irú ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ agbépo tó ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, a kò sì ní torí pé a ń sá fún iná kí a lọ kó ọmọ síwájú táyà. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà, 122 sì ni ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Ẹ kọ méjèèjì sára ògiri ọ́fíìsì àti ti ilé ìdáná.

Nọ́ọ̀sì Sábó:

Bàbá ti sọ ti iná tán. Ti ara ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìbéèrè yín, Olùkọ́, tí ó yẹ kí a tún yẹ̀ wò: ẹ ní olùdarí fẹ́ kí ẹ so ìdánrawò náà mọ́ eré ìmárale ọjọ́ Ẹtì. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Nínú eré, a ń yin ọmọ tó bá ṣáájú. Nínú ìdánrawò iná, ọmọ tó ń ti ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó lè ṣáájú ni a ń bá wí. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀ ní wákàtí kan náà, àtẹ̀gùn yóò di pápá eré ìje. Èdè wa gan-an ti yà wọ́n sọ́tọ̀: eré ìdárayá ni èyí tí ń mú ara yá, eré ìmárale ni èyí tí ń mú ara le, ìdánrawò ni èyí tí ènìyàn fi ń dán ara rẹ̀ wò kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí oníkálùkù sì ní àkókò tirẹ̀.

Ní ti eré ìmárale, ọjọ́ Ẹtì nìkan kéré jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà wọn ti ọdún 2020 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ fún 60 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, lójoojúmọ́, kí àgbàlagbà sì máa ṣe 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ èyí tí kò le jù, irú bíi rírìn kánmọ́kánmọ́, tàbí 75 sí 150 èyí tó le. Wọ́n tún ní kí àgbàlagbà máa fi iṣan ṣe iṣẹ́ tó lágbára ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń gún iyán tàbí tó ń ro oko ti ní díẹ̀ nínú ìyẹn. Àwa tí a ń jókòó ti tábìlì ni kò ní.

Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ méjì yẹn kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó sún mọ́ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe ní ọjọ́ ìṣòro: kí wọ́n máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n di ògiri mú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lára irin rẹ̀. Bí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kọrin, ìwọ̀n rẹ̀ tó. Bí àyà bá ń fún wọn tàbí tí òòyì bá ń kọ́ wọn, kí wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì lọ rí dókítà. Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kí ẹnikẹ́ni má fi ipá mú wọn sá eré líle, kí omi sì máa wà nítòsí wọn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń fi ọ̀pá rìn ni mo fi sẹ́yìn nítorí pé òun ló ká mi lára jù. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ ni wọ́n fi pa òwe náà, bẹ́ẹ̀ àwa kì í rántí arọ nígbà tí a bá ń ṣètò fún ogun. Kí ló dé tí kíláàsì kẹrin fi gbọ́dọ̀ wà lókè? Ẹ gbé kíláàsì náà wá sísàlẹ̀, kí òmíràn lọ sí òkè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ léèrè bí ó ṣe fẹ́ kí a ràn án lọ́wọ́. Ó ti mọ ara rẹ̀ ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:

Ọ̀kan lára irú òbí tí Olùkọ́ ń sọ ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe òbí ilé ìwé yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé òpè ni wá. Ní ilé ìwé tí ọmọ mi àbúrò wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣe irú nǹkan yìí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fín èéfín sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, olùkọ́ kan sì ń ké pé kí wọ́n sá. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ mi fi ń ta jí lóru. Nígbà tí mo lọ bá wọn, wọ́n ní wọ́n ń kọ́ ọ ni. Ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn?

Mo ti ka ohun tí Bàbá kọ nípa pé kí a kọ́kọ́ mú wọn rìn, mo sì rí i pé ó yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ mi. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn òbí gbà, ẹ pè wọ́n wá kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i, kí ẹ sì fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbàdúrà pé kí ibi má ṣẹlẹ̀ kò ní rò pé òun ń pè é.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Lójú Omi:

Màmá, ẹ kú ìrójú ọmọ. Èéfín yẹn kò yẹ rárá.

Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi. Lọ́dọ̀ wa, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánrawò iná àti ti fífi ọkọ̀ sílẹ̀. Ìlànà àgbáyé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọ̀gá. Nígbà tí ọkọ̀ Costa Concordia kọlu àpáta ní Ítálì ní ọdún 2012, ènìyàn 32 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ náà ní ọjọ́ yẹn ni a kò sì tíì kó jọ fi ọ̀nà hàn. Láti ọdún 2015, irú ọkọ̀ èrò bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò ní èbúté kí wọ́n tó kó àwọn èrò tuntun jọ fi ibi tí wọn yóò dúró sí hàn wọ́n, tàbí kí wọ́n ṣe é bí ọkọ̀ bá ti ń gbéra. Mo ti ṣe ìdánrawò yìí débi tí n kò lè kà á mọ́. Ìyá mi, tó máa ń fi òwúrọ̀ kùtùkùtù gbàdúrà fún mi, ló máa ń bi mí léèrè lórí fóònù pé, "Ṣé ẹ ti ṣe ti oṣù yìí?"

Panápaná Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:

Màmá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, mo fi ara mọ́ ọ̀rọ̀ yín pátápátá, mo sì bá ọmọ yín kẹ́dùn. Ọmọ tí ẹ̀rù bá ń bà kì í kọ́ ohunkóhun ju ẹ̀rù náà lọ.

Ní ti fífi ẹnu pe ibi, ìtàn ìlú wa ni kí Olùkọ́ fi ṣe àlàyé fún àwọn òbí. Ọdẹ àti tafàtafà ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, tí a ní òun ló ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń da àwọn ará Ọ̀yọ́ láàmú. Kì í ṣe ọjọ́ tí ó dojú kọ ọ́ ni ó kọ́ bí a ti ń fa ọrun. Ó ti ta ọfà sí ara igi láìmọye ìgbà, kò sì sí ẹni tó sọ pé ó ń fi ọfà pe ọ̀tá wá.

Nọ́ọ̀sì sì sọ òtítọ́ pé kí a ya àkókò wọn sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ara kan náà ni wọ́n ń lò. Nígbà tí ilẹ̀ mì tí omi òkun sì ya wọ ilẹ̀ Japan ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní ìlú Kamaishi kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ girama sáré lọ sí ibi gíga, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí rí wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí a ti yàn tẹ́lẹ̀, wọ́n rí i pé kò ṣeé gbára lé, àwọn àgbà nínú wọn sì di ọwọ́ àwọn kékeré mú, wọ́n tún gun òkè sí i. Nǹkan bí 3,000 ọmọ ilé ìwé ló là á já ní ìlú yẹn. Ìdánrawò ló fi ọ̀nà han ẹsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò lágbára ìbá ti dúró ní agbedeméjì.

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, ó sì yẹ kí n wá jábọ̀.

Wẹ́dà ti tún géètì ṣe. Kíláàsì kẹrin ti wà nísàlẹ̀ báyìí. Ọmọkùnrin náà ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun, pé kí wọ́n kàn jẹ́ kí òun ṣáájú tó ìṣísẹ̀ díẹ̀, kí ẹnì kan sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe é. Àwọn òbí mọ́kànlá ló wá wò wá ní ìgbà kejì, a fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ta kò mí jù ní ìpàdé sì dúró sídìí géètì, ó ń bá wa ka àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ààbọ̀ ni ó gbà wá ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní ìgbà kẹta, ó ti di mẹ́ta ó lé díẹ̀, láìsí ẹni tó sáré. Àwọn olùkọ́ wa àgbà méjèèjì ti ń dìde lórí àga ní ìgbà méjìlá ní àárọ̀ kí a tó wọ kíláàsì, àwọn olùkọ́ kéékèèké sì ti ń bá wọn ṣe é.

Ọmọbìnrin tó ṣẹ́ lọ́wọ́ kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn nígbà tí agogo dún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó dúró, ó ń wárìrì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ tó sàn mú, a sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Ní ìgbà kẹta, ó di irin àtẹ̀gùn mú fúnra rẹ̀, ó sì ń sọ fún ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ pé kí ó máa rìn jẹ́jẹ́.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí a pe orúkọ lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ kan ti kíláàsì kejì kò sí nínú ìlà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni a ti bá a. Ó gbọ́ agogo, ṣùgbọ́n ó rò pé kò kan òun nítorí pé òun kò sí nínú kíláàsì. A kò fi ẹnikẹ́ni sí ibẹ̀ nínú ètò wa. Láti oṣù tó ń bọ̀, èmi ni n ó máa yẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò kí n tó jáde, olùkọ́ kíláàsì karùn-ún yóò sì máa bá mi kó àwọn ọmọ mi lọ.